Fèrèsé Tí Ó Ń Fi Lẹ́jà Àtijọ́ Hàn
(Ọ̀rọ̀ tí aláyẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn akọ̀wé àti ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Kábà)



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn akọ̀wé láti ìgbà tí a ti ń kó ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ohun náà kò ju fèrèsé lọ. Kì í ṣe fèrèsé ilé ni mo ń wí o. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà ni ó máa ń ní àyè onígun mẹ́rin tirẹ̀ lójú gíláàsì. Àyè yẹn ni wọ́n ń pè ní fèrèsé. Bí ẹ bá ṣí méjì, ọ̀kan a bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. Ẹ wo akọ̀wé tí ó ya fọ́tò ojú ewé kan nínú lẹ́jà ọdún 1986, èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Fọ́tò wà nínú fèrèsé kan, tábìlì tí yóò kọ owó sí wà nínú fèrèsé kejì, gíláàsì kò sì fẹ̀ tó láti gba méjèèjì. Yóò wo fọ́tò, yóò há iye owó sórí, yóò yí sí fèrèsé kejì, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò tún yí padà. Nínú lílọ-bíbọ̀ yìí, ojú a fo ìlà. Owó ìyá kan tí ó ti ń ta kọfí, tí ó sì ń fi èrè rẹ̀ pamọ́ láti ìgbà tí Kábà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, a bọ́ sórí orúkọ ẹni tí ó wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àròpọ̀ ojú ewé náà yóò pé síbẹ̀síbẹ̀, nítorí owó kò kúrò nínú ewé. Olówó ni ó yí padà. Àwa tí a ń yẹ ìwé wò, àròpọ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, nítorí náà irú àṣìṣe yìí a máa fara pamọ́ fún wa.

Mo rí irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ olóògbé kan wá béèrè owó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé lẹ́jà ṣì wà nínú àpótí, wọn ì bá ti pe ọmọ náà ní onírọ́.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ sọ fèrèsé tábìlì di fẹ́lẹ́, bí aṣọ tí ojú ń ríran kọjá, kí ẹ sì gbé e lé orí fọ́tò. Ẹ na àwọn ìlà tábìlì kí wọ́n bá ìlà lẹ́jà mu. Nígbà náà, iye tí akọ̀wé ń tẹ̀ yóò bọ́ sórí iye tí ó ń wò gan-an. Bí ó bá fo ìlà, yóò rí i lójú ẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux lè ṣe èyí láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, kéde iṣẹ́ tí ó padà di Linux. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni àwọn méjèèjì. Láti ọdún 2004 ni X.Org, èyí tí ó ń ya fèrèsé sójú gíláàsì fún Linux, ti ní agbára àtiṣe fèrèsé ní fẹ́lẹ́. A máa ń lẹ nọ́ńbà kan mọ́ fèrèsé. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 4,294,967,295, fèrèsé ki pátápátá. Bí ó bá jẹ́ òdo, kò ní hàn rárá. Ìwọ̀n 70 nínú 100, ìyẹn bí 3,006,477,106, tẹ́ mi lọ́rùn fún iṣẹ́ lẹ́jà. Ẹ má ṣe dín in kù púpọ̀ o, ojú yóò máa ro akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti pa fèrèsé dé, nọ́ńbà náà ti bá a lọ. Bí a bá tún un ṣí, ó ti ki padà. Akọ̀wé tí ó ní ìlà 400 níwájú kò ní máa rántí àtilẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà gbogbo. Ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò ti padà sí lílọ-bíbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ script. Script kò ju àṣẹ tí a tò sílẹ̀ sínú ìwé kan lọ, kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Irinṣẹ́ tí ń jẹ́ devilspie2 (ẹ má bẹ̀rù orúkọ náà) máa ń ṣọ́ fèrèsé tuntun, yóò sì wo ohun tí script wí nípa rẹ̀. Lua ni èdè tí a fi ń kọ ọ́, èdè tí wọ́n ṣe ní Brazil ní ọdún 1993. Òṣùpá ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ti tó: bí orúkọ fèrèsé yìí bá ní "lẹ́jà" nínú, sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ ní ìwọ̀n 70 nínú 100, ó parí. Kí akọ̀wé rí i pé devilspie2 ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní kí script dárúkọ fèrèsé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ gbogbo fèrèsé di fẹ́lẹ́ nítorí ẹwà. N kò fara mọ́ ọn. Ìṣirò ẹgbẹ́ jẹ́ ti gbogbo wa, ẹnikẹ́ni nínú yín ni ó lè béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ kan kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó wá san owó oṣù yẹ kó máa kà láti ẹ̀yìn akọ̀wé. Bí fèrèsé ẹ̀yáwó bá wà lábẹ́, tí èyí tí ó wà lókè sì fẹ́lẹ́, àṣírí ti tú nìyẹn. Ẹ kọ script kejì tí yóò mú gbogbo fèrèsé ki padà, kí ẹ sì so ó mọ́ bọ́tìnnì kan, kí akọ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àlejò bá wọlé.

Bàbá kan bi mí ní oṣù tí ó kọjá bóyá fèrèsé fẹ́lẹ́ yìí ni yóò jẹ́ kí a rí ohun tí akápò ń ṣe. Mo ní, "Rárá o, bàbá, ẹ̀yin ni ẹ óò wá sí ìpàdé ọdọọdún." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun yóò wá.

Ohun méjì ló kù. Àwọn Linux tuntun kan ti kúrò lórí X.Org lọ sí Wayland. Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ yìí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kí akọ̀wé wo èyí tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ẹ tẹ script náà sórí bébà, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí ẹ fi í sínú fáìlì òfin ẹgbẹ́. Bí mo bá wá yẹ ìwé wò, n óò béèrè bébà yẹn, n óò sì béèrè lẹ́jà àtijọ́ náà pẹ̀lú ikán tí ó wà létí rẹ̀.