Ẹ Má Fa Ṣọkọ Tu

Ọ̀rọ̀ ṣọkọ ẹ̀yìnkùlé la fẹ́ sọ lónìí.

Irúgbìn ṣọkọ kéré púpọ̀. Ká pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù jọ. Ká máa bomi rin ín. Ní bí ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, ó tó jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fà á tu o! Ẹni tó fà á tu, ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló rí sè. Ọ̀bẹ ni ká fi gé e, kí igi rẹ̀ ku bí ìnṣì 5 nílẹ̀. Ẹ̀ka tuntun yóò yọ, a ó sì tún gé. Ká fi ìdí kan tàbí méjì sílẹ̀ fún irúgbìn.

Owó ẹ̀fọ́ tí a kò ná lọ́jà, ó lè di owó ìwé ọmọ.