Kí Apá Ọmọ Tó Rọ
Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹ̀ka wa bá wa sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Ọ̀rọ̀ owó ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, irú èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ládìde. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà ní 2009. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mu ẹ̀kọ, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ní kí ó mú un, apá ọ̀tún kò gbé mọ́. Ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń káàkiri kí a tó dé ilé ìwòsàn. Àṣé rọpárọsẹ̀ ni. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé títí di òní.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ṣe lè rí ewu yìí kí ó tó dé. Ní 1992, Dókítà Robert Adams, onímọ̀ ọpọlọ ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Doppler. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Wọ́n á gbé e lé ẹ̀bátí ọmọ, yóò sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rọ́bà fọ ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà díẹ̀, omi á máa tú jáde kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan tó ti fún. Bí eré náà bá tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti wà nílé.

Ní 1998, Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ òmíràn jáde. Ọmọ 130 tí ewu wọn ti hàn ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Nínú 67 tí wọ́n tọ́jú bí ti àtẹ̀yìnwá, rọpárọsẹ̀ mú 11. Nínú 63 tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ẹyọ kan péré ni ó mú.

Ẹ ó ní, ta ni yóò máa rí ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù nílẹ̀ wa? Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágúnjú ti Yunifásítì Ìbàdàn, onímọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọdé, fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Doppler yẹ àwọn ọmọ SS wò ní UCH, wọ́n sì tẹ ìwádìí jáde ní 2019 lórí oògùn hydroxyurea, tí à ń gbé mì lójoojúmọ́, fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń sáré jù. Ní 2022, ìwádìí lórí ọmọ 220 ní Kánò àti Kàdúná tún jáde: wọn kò rí ìyàtọ̀ tó dájú láàrin ìwọ̀n oògùn kékeré àti èyí tó jù ú lọ ní ti dídènà rọpárọsẹ̀. Ìwọ̀n kékeré kò sì ní ná wa tó ńlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Bí ó bá jẹ́ SS, láti ọdún méjì títí dé mẹ́rìndínlógún, ẹ béèrè Doppler lọ́dọọdún. Ẹ má ra oògùn yìí fúnra yín ní kẹ́míìsì. Dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Bí ẹnu bá wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ní wákàtí kan náà!

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò ju méjì lọ. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, kí a béèrè pé kí ètò ìlera wa san owó Doppler àti ti oògùn yìí. Kí a sì béèrè ààyè ọjọ́ kan, láìgé owó, fún òbí tó bá gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tiwa ti kọjá èyí tí a lè dènà fún. Ti yín kò tíì kọjá.