Ìtàn Tí A Ti Mọ Òpin Rẹ̀



Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ifọ́n Ọ̀ṣun, fíìmù kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, Just Mercy, tó jáde ní 2019. Ẹni tó bá ti wo fíìmù ilé ẹjọ́ méjì rí yóò ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ìdajì. Wọn á fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, lọ́yà ọ̀dọ́ á dé, ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ dá a padà, ẹlẹ́wọ̀n á wá gba òmìnira. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò gbà fún wọn.

Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Agégi ni Walter McMillian, aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1986, wọ́n pa ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun kan ní ìlú Monroeville. Walter ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Lákòókò ìpànìyàn náà, ilé ara rẹ̀ ni Walter wà, wọ́n ń dín ẹja tà níbẹ̀ láti fi kówó jọ fún ìjọ. Àwọn tó rí i pọ̀ jàǹtìrẹrẹ, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ẹ̀rí irọ́ tí ọ̀daràn kan jẹ́ ni ilé ẹjọ́ gbà. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n ti fi Walter sáàárín àwọn tí ikú ń dúró dè. Àwọn ará ìlú méjìlá tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ẹ̀wọ̀n gbére ni kí ó ṣe; adájọ́ yí i sí ikú. Ọdún 1993 ni lọ́yà Bryan Stevenson tó rí i gbà sílẹ̀.

Jamie Foxx ló ṣe Walter. Ibìkan wà tí ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní yàrá kejì sí tirẹ̀ ń gbọ̀n fún ìbẹ̀rù ikú. Ògiri ló wà láàrin wọn, wọn ò lè rí ara wọn. Walter rọra ń bá a sọ̀rọ̀: kó dijú, kó mí dáadáa, kó rántí afẹ́fẹ́ àárín igi. Ohùn nìkan ni Foxx fi ṣe é. Mo mọ òpin fíìmù náà, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin ọmọ Ifọ́n, ìtàn yìí ò ṣàjèjì sí yín. Òrìṣà Olúfọ́n, àgbàlagbà aláṣọ àlà, ń lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ifá ní kó má lọ, ó lọ. Èṣù da epo sí i láṣọ lójú ọ̀nà, ó fara dà á. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un pé kí òun dá a padà fún olówó rẹ̀. Wọ́n ní olè ni, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Òjò kọ̀, aboyún ò rí ọmọ bí, kí wọ́n tó béèrè ta ló wà nínú túbú.

Ní Bahia ní Brazil, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Oxalufã ni wọ́n ń pe bàbá náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á wọṣọ funfun, wọn á ru omi láìfọhùn, láti fi wẹ ìyà náà kúrò lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ìtàn ń já sí níbẹ̀, wọn ò sì torí ìyẹn dúró sílé.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn méjèèjì ni àwọn tó mọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Ìjà tó wà láàrin Ìlobùú àti Ifọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, n kò sì ní pa á pọ̀ mọ́ ti Walter. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní 2025 nítorí ìjà náà, ọmọ Ìlobùú tí ìyá rẹ̀ ti Ifọ́n wá, ta ló gba ẹ̀rí rẹ̀? Ta ló tilẹ̀ bi í?

Àwọn tó jẹ ẹja nílé Walter ò dákẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ títí ó fi jáde.