Kóòṣì àti Ọ́fíìsì: Ta Ló Yẹ Kó Máa Ra Agbábọ́ọ̀lù?

Bésíbọ́ọ̀lù, eré àwọn ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jiyàn rí nípa bóyá Wenger ló yẹ kó máa yan ẹni tí Arsenal máa rà, onítọ̀hún ti wọnú ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ lórí pápá ni màá máa pè ní kóòṣì. Ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù, tó ń tà wọ́n, tó sì ń ṣírò owó, olórí ọ́fíìsì ni màá pe ìyẹn.

Láyé àtijọ́, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì. John McGraw ti ẹgbẹ́ Giants ní New York ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa rà àti ẹni tí wọ́n máa tà. Connie Mack ní Philadelphia tilẹ̀ ní ìpín nínú ẹgbẹ́ tó ń darí. Kóòtù àti táì ló máa ń wọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì ṣe kóòṣì láti 1901 títí di 1950. Ta ló fẹ́ lé e?

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1925, Sam Breadon, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis, gba iṣẹ́ kóòṣì lọ́wọ́ Branch Rickey. Ó dun Rickey débi pé ó ta ìpín tó ní nínú ẹgbẹ́ náà. Rogers Hornsby, tí kò sí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ ní líìgì wọn nígbà náà, ló gba ipò rẹ̀, òun náà ló sì ra ìpín ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Breadon kò lé Rickey lọ. Ó ní kó jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa wá agbábọ́ọ̀lù. Rickey gbájú mọ́ iṣẹ́ kan tó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ó ń ra àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láwọn ìlú kéékèèké, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè gbó kí wọ́n tó gòkè wá sí St. Louis. Owó New York kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò lè rà á lọ́jà gbọ́dọ̀ gbìn ín. Kò sí kóòṣì tó máa ráyè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Eré alẹ́ òní ló ń jẹ kóòṣì lọ́kàn. Ọmọ ọdún 17 tó máa wúlò lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò lè gba eré alẹ́ òní là fún un.

Hornsby gba ife World Series fún St. Louis ní 1926, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, wọ́n sì na Yankees tí Babe Ruth wà nínú wọn. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Breadon fi í pààrọ̀ Frankie Frisch ní New York. Hornsby ń béèrè àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì le sí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ará ìlú fárí gá. Ẹgbẹ́ náà kò kú o: wọ́n tún gba ife ní 1931 àti 1934, Frisch fúnra rẹ̀ sì ni kóòṣì ní 1934.

Rickey lọ sí Brooklyn lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló sì ti ṣe ohun tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní 1945, ó gba Jackie Robinson, ọmọ adúláwọ̀, nígbà tí kò sí adúláwọ̀ kankan nínú líìgì ńlá. Leo Durocher, kóòṣì Brooklyn, kọ́ ló yàn án, n kò sì rò pé kóòṣì kankan ì bá dábàá rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Panama níbẹ̀rẹ̀ 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ ń gbára dì fún sáà tuntun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ń kọ ìwé pé àwọn kò ní bá Robinson gbá bọ́ọ̀lù. Bí Durocher ti gbọ́, ó jí wọn lóru, ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé bí Robinson bá lè mú kí àwọn borí, òun yóò fi í sínú eré, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Rickey kò lè ṣe ìyẹn láti ọ́fíìsì, nítorí kò bá wọn sùn, kò bá wọn jí. Àwọn aláṣẹ líìgì fi òfin dá Durocher dúró fún gbogbo sáà 1947 kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà ti kú ní Panama.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ nínú pé, Whitey Herzog tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká padà sí St. Louis. Ní 1980, Cardinals gba Herzog ní kóòṣì lóṣù kẹfà; nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti gbé ọ́fíìsì náà fún un. Lóṣù Kejìlá, ó ṣí ọjà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó mú Rollie Fingers wá láti San Diego, ó mú Bruce Sutter wá láti Chicago, ó sì tún kó Fingers, Pete Vuckovich àti Ted Simmons fún Milwaukee. Fingers kò fi aṣọ St. Louis ju bọ́ọ̀lù kan rí. Lẹ́yìn náà ló fi Garry Templeton, tó ti fi ọwọ́ bú àwọn òǹwòran, pààrọ̀ Ozzie Smith.

Pápá ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Pápá St. Louis nígbà náà fẹ̀ gan-an, kápẹ́ẹ̀tì líle ni wọ́n sì tẹ́ síbẹ̀ dípò koríko. Bọ́ọ̀lù máa ń sáré lórí rẹ̀, ó sì ṣòro láti gbá a kọjá ògiri. Herzog ti jókòó ti pápá náà lálaalẹ́, ó mọ̀ pé ẹni tó mọ eré sá àti ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ló wúlò níbẹ̀. Ní 1982, ẹẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́rin péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jáde ní pápá, ó kéré ju ti ẹgbẹ́ èyíkéyìí lọ. Ṣùgbọ́n igba ìgbà ni wọ́n fi eré sísá jí ipò. Wọ́n gba ife, Milwaukee ni wọ́n sì nà nínú eré keje, Sutter ló ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Kì í ṣe pé Milwaukee jẹ gbèsè nínú ọjà náà o: Fingers di ẹni tó dára jù ní líìgì wọn ní 1981, Vuckovich gba àmì ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù ní 1982.

Ó dà bíi pé Herzog ti já irọ́ mi pé iṣẹ́ méjèèjì kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kí sáà 1982 tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dá iṣẹ́ ọ́fíìsì padà, ó di kóòṣì nìkan. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé ọ́fíìsì tí kò bá béèrè lọ́wọ́ kóòṣì bí pápá ṣe rí yóò kàn máa kówó dànù ni.

Àṣejù wà lọ́nà méjèèjì. Ní 2009, ẹgbẹ́ Angels ní California fún Mike Scioscia, kóòṣì wọn, ní àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá. Kò sí olórí ọ́fíìsì tó ní irú rẹ̀ níbẹ̀. Jerry Dipoto dé gẹ́gẹ́ bí olórí ọ́fíìsì ní 2011. Ní 2012, ó lé Mickey Hatcher, ọ̀kan nínú àwọn igbákejì Scioscia, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 2015, ìjà wọn ti dórí ìṣirò tí ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́ àti bí kóòṣì ṣe ń lò ó. Àgbò méjì kì í mumi nínú kèrègbè kan. Dipoto fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù keje, láàárín sáà. Scioscia wà níbẹ̀ títí àdéhùn rẹ̀ fi parí ní 2018. Kóòṣì tí àdéhùn rẹ̀ gùn ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ, ta ni ọ̀gá níbẹ̀?

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, eré kẹfà World Series. Blake Snell ti Tampa Bay ń ju bọ́ọ̀lù bí iwin. Ó ti mú mẹ́sàn-án jáde láìjẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọnú pápá; àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àwọn Dodgers tí wọ́n jọ ń gbá a ti bá a pàdé ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, gbogbo ìgbà ló dá wọn padà lọ́wọ́ òfo. Tampa Bay ń borí pẹ̀lú 1 sí 0. Bọ́ọ̀lù 73 péré ni Snell ti jù tí Kevin Cash, kóòṣì rẹ̀, fi jáde wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìṣirò sọ pé ajubọ́ọ̀lù máa ń di ẹran ìjẹ bí wọ́n bá rí i lẹ́ẹ̀kẹta. Mookie Betts ni ó kàn, ó sì gbá ajubọ́ọ̀lù tuntun náà dáadáa. Dodgers borí pẹ̀lú 3 sí 1, wọ́n gba ife. N kò sọ pé ọ́fíìsì tẹ Cash láago lálẹ́ ọjọ́ náà o. Ṣùgbọ́n irú ìlànà tí Tampa Bay fi ń kọ́lé ni, òun nìkan ló sì dúró ṣàlàyé fún gbogbo Amẹ́ríkà. A ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka wo ló ṣẹ̀ níbẹ̀? Ní 2003, Grady Little, kóòṣì Boston, fi ojú ara rẹ̀ ṣèdájọ́, ó fi Pedro Martínez tó ti rẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá, wọ́n pàdánù, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́ rárá. Cash tẹ̀ lé ìṣirò, ó pàdánù, wọ́n sì tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ kóòṣì tó dára jù ní líìgì rẹ̀ ní 2021. Ẹ̀yin kóòṣì tó wà níjókòó, èwo lẹ máa tẹ̀ lé?

Níbi tí mo dúró sí rèé. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kóòṣì ni kí ìpinnu wà. Kí ọ́fíìsì kó ìṣirò fún un lọ́sàn-án, kí wọ́n sì pa fóònù wọn lálẹ́. Òun ni kó yan àwọn igbákejì rẹ̀. Lórí ríra àti títà, kí wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, kí àtakò rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀, kó má baà di pé wọ́n gbé ẹni tí kò fẹ́ fún un kí wọ́n sì tún lé e nítorí ẹni náà. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni kó pinnu, torí owó agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fún ní àdéhùn ọlọ́dún mẹ́jọ yóò ṣì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ nígbà tí kóòṣì bá ti wà ní ìlú mìíràn. Kí àdéhùn kóòṣì náà má sì gùn ju ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ lọ, ì báà ṣe pé ife mẹ́wàá ló gbà.