Igba ènìyàn, kọmúùnù kan



Nígbà tí ẹgbẹ́ ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn kan ti rò pé ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ la máa ṣí. Rárá o. A fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìwé yẹn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó tó gẹ́ẹ́. Ibi tó jìnnà la fẹ́ mú yín lọ lónìí, ibi òtútù, ní ilẹ̀ Nọ́wè. Gbólóhùn kan ló fà á. Nígbàkígbà tí abúlé kan bá béèrè pé kí wọ́n fún òun láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ara òun, èsì tó máa ń gbọ́ ni pé: “Ẹ kéré jù.” Àwa náà, nígbà tí a wà ní bírò, a ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Ká má parọ́.

Erékùṣù kékeré kan wà nínú òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè, tó kọjú sí ìlú Haugesund. Utsira lorúkọ rẹ̀. Tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Haugesund, yóò lò ju wákàtí kan lọ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bíi 200 lọ. Igba ènìyàn péré! Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdílé kan ṣoṣo lè pé jù bẹ́ẹ̀ lọ níjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà. Síbẹ̀ kọmúùnù ni Utsira. Ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó ní mẹ́ẹ̀rì tirẹ̀, ó ní àpò owó tirẹ̀. Láti 1924 ló ti dá dúró, nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Torvastad.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1837, nígbà tí ọba kan náà ṣì ń jẹ lórí Nọ́wè àti Sweden, ni wọ́n ti ṣe òfin pé kí ìlú àti ìgbèríko máa yan ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó nǹkan wọn. Nígbà tó fi di 1930, kọmúùnù tó wà nílẹ̀ Nọ́wè ti di 747. Lẹ́yìn náà ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn kéékèèké pọ̀, pàápàá ní àárín ọdún 1960 sí 1967, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2020. Lónìí 357 ló kù. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ní ẹni tó ń sọ fún wọn pé “Ẹ kéré jù”! Ṣùgbọ́n Utsira ṣì wà láyè ara rẹ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nìyí: òfin tó de Bergen, ìlú tí ènìyàn ibẹ̀ ju 280,000 lọ, òun náà ló de Utsira. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbé lé wọn lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ibi ìtọ́jú àwọn tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ, ìtọ́jú àwọn arúgbó, dókítà tí ènìyàn máa kọ́kọ́ lọ rí, omi, ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí ẹ kéré, ẹ fi arúgbó yín sílẹ̀. Owó wá ńkọ́? Apá kan nínú owó orí tí àwọn ará ibẹ̀ ń san ń wọ àpò kọmúùnù, ìjọba àpapọ̀ sì ń fi tirẹ̀ kún un, ó tún ń fún àwọn kọmúùnù kéékèèké ní àfikún nítorí pé wọ́n kéré. Ohun tí apá wọn kò bá ká, òfin gbà kí wọ́n bá àwọn kọmúùnù mìíràn ṣe é pọ̀. Àwa tí a ti mọ bí ó ṣe ń rí tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ síni láìfi kọ́bọ̀ kún un, a dúró lórí ojú ìwé yẹn pẹ́.

Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò. Ìgbìmọ̀ ló ń yan mẹ́ẹ̀rì láàárín ara rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe mẹ́ẹ̀rì lédè wọn dà bí ẹni pé “ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀”, ó sì wù wá. Ẹlòmíràn ni ìgbìmọ̀ gbà síṣẹ́ láti jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni yẹn kì í díje. Àlejò tó bá ti gbé nílẹ̀ Nọ́wè fún ọdún mẹ́ta gbáko lè dìbò kọmúùnù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀, gbangba ni. Tí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará kọmúùnù bá fọwọ́ sí ìwé kan, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí kó sì fèsì láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ fún Utsira. Ènìyàn mẹ́rin!

Ẹ̀yin ìyá wa, èyí kàn yín. Ní 1910 ni gbogbo obìnrin Nọ́wè gba ẹ̀tọ́ láti dìbò kọmúùnù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1925, Utsira dìbò, nínú ìgbìmọ̀ ẹni 12, obìnrin mọ́kànlá ló wọlé! Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bá wọn jókòó. Aasa Helgesen ni wọ́n fi ṣe mẹ́ẹ̀rì, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní gbogbo Nọ́wè, láti 1926 títí di 1928. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe. Kì í ṣe olú-ìlú ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, orí àpáta láàárín òkun ni.

Kò dára tán lọ́hùn-ún. Ní erékùṣù igba ènìyàn, ta ni kì í ṣe ẹbí ta? Òfin ní tí ọ̀rọ̀ bá kan ọ, tàbí ọmọ rẹ, tàbí ọmọ ìyá rẹ, kí o dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹ fojú inú wo iye ìgbà tí wọn yóò máa dìde. Àwọn ọmọ tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ ré òkun kọjá kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lọ ló ń padà. Tí olùkọ́ kan bá kó ẹrù rẹ̀, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́dọ̀ wa, kọmúùnù 77 la ní. Ní ìparí ọdún 2002 la kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn. Arrondissement àti abúlé tó wà lábẹ́ wọn kò ní àpò owó tiwọn. A kò wá síbí láti sọ pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan di kọmúùnù. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe ìṣirò owó rí. Ṣùgbọ́n òfin tiwa náà sọ pé gbangba ni ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúùnù. Mélòó nínú wa ló ti wọ ibẹ̀ lọ jókòó? A máa ń dúró síta, ká máa ṣépè fún mẹ́ẹ̀rì.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí akọ̀wé lọ béèrè ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí. Kí ènìyàn mẹ́rin lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ iye tó wọlé àti iye tó jáde, kí wọ́n padà wá sọ ọ́ fún wa lédè Yorùbá. Ìwé wà níwájú akọ̀wé. Orúkọ tiwa ti wà níbẹ̀, ó ku mẹ́ta.