Ìkòkò Inhéélà Ilé Ìtọ́jú Wa: Níbo Ni Sípíà Páàtì Rẹ̀ Wà?

(Ọ̀rọ̀ tí Kọmití Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ tí ẹ kò tíì fojú kan ibùsùn, ẹ̀yin la kí ní méjì. A kò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí bọ́ọ̀sì kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò kan la bá wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀fìnkìn tàbí ohùn híhá bá ti gbé dé ilé ìtọ́jú ilé iṣẹ́ wa rí yóò mọ̀ ọ́n: ìkòkò amọ̀ funfun tí nọ́ọ̀sì ń bu omi gbígbóná sí, tí yóò kán oògùn sí i, tí yóò wá ní kí ẹ fi ẹnu sí ọ̀pá gíláàsì orí rẹ̀, kí ẹ máa fi ẹnu fa oru rẹ̀, kí ẹ sì máa fi imú mí síta. Nelson inhaler ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni ilé iṣẹ́ Maw ní Lọ́ńdọ̀nù gbé irú rẹ̀ jáde, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ń lò ó láti ìgbà náà.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀pá gíláàsì tiwa já bọ́, ó fọ́. Nǹkan kan kò ṣe ìkòkò fúnra rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé kò sí páàtì rẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé ìkòkò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí aláìsàn máa fi bẹ́sìnì àti aṣọ ìbora fa oru. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Arákùnrin wa kan ní ẹ̀ka ìhunṣọ da aṣọ borí lórí bẹ́sìnì, ikọ́ gbá a mú, bẹ́sìnì dojú dé, omi gbígbóná sì bó o ní itan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè wá síbi iṣẹ́. Nítorí ọ̀pá gíláàsì kan ṣoṣo!

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kó yé ara wa. Oru yìí kì í wo àrùn eruku òwú, kì í sì í wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fun tó gbẹ ló ń mú rọ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń fún un ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè tó bá padà sídìí ẹ̀rọ, dókítà ni kó lọ rí, kó sì wá sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ eruku nìyẹn, a óò gbé e kalẹ̀ fún màníjà lọ́tọ̀.

Ó dára. Àwọn ará wa onímọ́tò ní kí a lọ wá páàtì ní Ládiípọ̀, wọ́n ní kò sí ohun tí a kò lè rí níbẹ̀. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìdí tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Bóòtù tí ẹ rà ní Ládiípọ̀ yóò wọ nọ́ọ̀tì tí ẹ rà ní Ìbàdàn, bí ìwọ̀n wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ ló gé àwọn méjèèjì. Ohun amọ̀ tí a fọwọ́ mọ kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ń súnkì. Bó bá ń gbẹ, yóò dín. Bó bá wọ iná, yóò tún dín. Òmíràn ń dín ní 8 nínú 100, òmíràn 12, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ìkòkò tí amọ̀kòkò fi sí 50 mílímítà nígbà tó tutù, bí amọ̀ rẹ̀ bá ń dín ní 12 nínú 100, 44 ni yóò jáde láti inú iná. Bí iná bá tún le díẹ̀ sí i, kò ní tó 44 mọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, kí ẹ gbé ọmọrí ìkòkò kan dé òmíràn, ẹ ó rí ohun tí à ń wí.

Àwọn tó ṣe inhéélà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí gíláàsì fara kan amọ̀. Kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi sáàárín. Ẹ̀yin fítà, gasikẹ́ẹ̀tì nìyẹn! Kọ́ọ̀kì rọ̀, ó lè gba ẹnu ìkòkò tó wọ́ díẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, a kò nílò páàtì Lọ́ńdọ̀nù kankan.

A kọ́kọ́ yẹ ìkòkò náà wò bí àwọn ìyá wa ti ń yẹ ẹ́ wò lọ́jà: a fi ìka kàn án. Ó dún gooro. Ká ní ó dún bí ohun tó ti sán ni, à bá jù ú nù, nítorí kò sí gọ́ọ̀mù tí a lè fi lẹ̀ ẹ́ tí a ó lè fọkàn tán nígbà tí omi híhó bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí a gbé ìkòkò gan-an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò láàbù; a kò kọ ìwọ̀n sórí ìwé. Kọ́ọ̀kì tó tóbi díẹ̀ la rà, arákùnrin wa kan ní ṣọ́ọ̀bù fi sáńdípépà há a títí ó fi wọlé ṣinṣin, ó sì fi páìpù tín-ín-rín tó pọ́n lẹ́nu lu ihò rẹ̀. Ìṣó ni ẹnìkan fẹ́ lò tẹ́lẹ̀, kọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ sì fàya. Ní ti ọ̀pá, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fọn gíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló tẹ̀ ẹ́ fún wa, gíláàsì láàbù tí kì í tètè sán nínú ooru. Ó fi iná yọ́ ẹnu ọ̀pá kó má baà gé ètè. Àwọn kan ní kí a fi rọ́bà epo ọkọ̀ dípò rẹ̀. Rárá o! Ẹ rántí pé ohun tó bá ti ara rọ́bà náà jáde, inú ọ̀fun ló ń lọ.

Ọ̀pá mẹ́rin la ní kó ṣe. Méjì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó lè máa se ọ̀kan nínú omi híhó nígbà tí aláìsàn ń lo ìkejì. Méjì yòókù wà nínú dúrọ́ọ̀ Akọ̀wé, a fi aṣọ wé wọn. Bí oògùn bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá bí oje igi, spírítì ni kí wọ́n fi nù ún. Ẹ̀yin tí ẹ óò lò ó, omi kò gbọdọ̀ ga dé ihò ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ẹ má sì kọ ojú rẹ̀ sí ara yín. Orí tábìlì ni kó wà, kì í ṣe orí itan.

Bí ẹ̀ka mìíràn bá fẹ́ kí amọ̀kòkò mọ tuntun fún wọn, kí wọ́n ní kó mọ ọmọrí méjì pa pọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kan náà, láti ara amọ̀ kan náà, kí wọ́n jọ wọ iná kan náà. Kí wọ́n sì bi í bóyá òjé wà nínú ohun tó fi ń mú un dán. Bí kò bá mọ̀, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ arákùnrin wa tí omi bó. Wọ́n gé owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa. Lẹ́tà wa ti wà lọ́dọ̀ màníjà, kò tíì fèsì. Ní Ọjọ́rú a óò tún padà lọ. Ẹni tó bá wà nílé ìtọ́jú ní ọjọ́ náà, tó sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ní kó lọ fi bẹ́sìnì fa oru, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí bọ́ọ̀sì tó dé.