Ọ̀rọ̀ Sísọ Gẹ́gẹ́ Bí Ìwòsàn: Ìtọ́jú Ọkàn fún Àwọn Obìnrin Tó Ti Lé ní Ọgbọ̀n Ọdún

     

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa wò ó pé kí ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkàn ń wá níbi ọdún Ifá. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń tẹ́ ẹní Ifá mọ irú àwọn tó ń kanlẹ̀kùn wa jù lọ. Obìnrin ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ogójì. Wọn kì í sábà sọ pé ọkàn àwọn ló ń ṣàìsàn. Wọ́n á ní kí a bá àwọn wo ilé, wo ọ̀nà, wo ọmọ. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa lónìí ni pé ọ̀rọ̀ sísọ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ gbígbọ́ jẹ́ ìwòsàn tòótọ́, pé kò tako Ifá, àti pé awo tó bá mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ dé ni yóò gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ là.

Ẹrù Tó Wà Lórí Wọn

Bí obìnrin bá wà ní ọmọ ogún ọdún, ayé á ní ó ṣì kéré. Bí ó bá ti pé àádọ́ta, wọ́n á ní ó ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọgbọ̀n sí ogójì, gbogbo ènìyàn ló ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kò tíì lọ́kọ ń gbọ́ ọ lóde ìnáwó gbogbo pé ìgbà wo ni a ó jẹ ìrẹsì tirẹ̀. Èyí tó lọ́kọ tí kò tíì bímọ mọ̀ pé ìyá ọkọ ń ka oṣù. Èyí tó bímọ kò rí oorun sùn. Èyí tó ń tajà ti fi owó orí ọjà san owó ilé ìwé, àjọ tó gbà ṣíwájú sì ń dúró dè é. Àwọn òbí rẹ̀ ń darúgbó, òun sì ni àkọ́bí obìnrin tí gbogbo ilé ń pè bí ara kò bá yá wọn. Ẹlòmíràn ti sin ọmọ, ẹlòmíràn ti sin ọkọ, àwọn ará ilé sì ti ní kó gbàgbé.

Nígbà tí ọkàn kò bá lè gbé e mọ́, ara ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn lára mi bí eèrà." "Àyà mi ń já." "Oorun kò wá." Yóò lo oògùn ibà, yóò mu àgbo, yóò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn kò ní rí nǹkan kan. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní Iléṣà, ìlú tó múlé ti wa níhìn-ín, àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n yẹ àwọn obìnrin wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn. Ẹ fojú inú wo ìkómọ méje ládùúgbò yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí à ń kí kú ewu ọmọ máa sunkún lóru, kó sì máa rò pé òun ni ìyá burúkú.

Ohun Tí Àwọn Baba Wa Mọ̀

A kò bá ọ̀rọ̀ yìí lójú títì. Nígbà tí ẹni tó wá dá Ifá bá mú owó tàbí ìbò lọ́wọ́, ó máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i ní jẹ́jẹ́. Awo kò gbọ́. Awo á dá Ifá, odù á yọ, awo á máa kì í, ẹni tó wá fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ pé, "Ó tó, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn." Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Ẹni náà gbọ́ pé ẹlòmíràn ti rìn ní ọ̀nà yìí rí, pé ó ní ohun tó ṣe, àti pé ó ní ibi tó yọrí sí. Ìdáwà rẹ̀ dín kù.

Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ló ni ìtàn Mọremí. A mọ̀ pé ó fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó gba ìlú sílẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé nígbà tó ń sunkún, gbogbo Ifẹ̀ ló gbà láti di ọmọ fún un títí láé. Wọn kò pàṣẹ fún un pé kó nu ojú nù. Wọ́n jókòó tì í nínú òfò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ohun tí obìnrin náà sọ sí owó ní jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ. A ó rú ẹbọ, ẹbọ á sì fín. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò padà sílé kan náà, sínú gbèsè kan náà, sọ́dọ̀ ẹni kan náà tó ń bú u. Ta ni yóò bi í ní ọjọ́ keje pé báwo ni oorun? Ta ni yóò bá a to ìṣòro rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó lè mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùtọ́jú-ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí Láti Aro Dé Harare

Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó bá àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ṣàdéhùn pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín wọn, kí mọ̀lẹ́bí kan máa bá aláìsàn gbé, kó máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ èdè tí àwọn aláìsàn fi ń sọ ìrora wọn. Ọkùnrin yìí di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbẹ̀yìn. Kò rí Ifá àti ilé ìwòsàn bí ọ̀tá ara wọn.

Ẹ̀rí kejì ti Zimbabwe wá. Ní ọdún 2006, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ kan ní Harare, rí i pé àwọn dókítà bíi tirẹ̀ kò tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè náà. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ládùúgbò ní ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ẹni àti ọ̀nà tí a fi ń ran ẹni lọ́wọ́ láti tú ìṣòro sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì onígi sí ọgbà ilé ìwòsàn, ìyá àgbà kan á jókòó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo á jókòó tì í. Àwọn Shona kì í lo orúkọ òyìnbó fún àìsàn yìí. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni àròjù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí àwọn obìnrin wa ń sọ nìyẹn.

Ní ọdún 2016 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jáde. Àwọn 573 ló kópa. Obìnrin ni 86 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ọjọ́ orí ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn wọn sì jẹ́ ọdún 33. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí ìdajì àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì, bíi mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyá àgbà, bẹ́ńṣì, àti ọ̀rọ̀ tó létò ló ṣe é.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní irú ìtọ́jú yìí fún àwọn aláboyún tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nígbà tí ọmọ wọn fi máa pé oṣù mẹ́fà, bíi méjì nínú mẹ́ta wọn ti bọ́ nínú rẹ̀.

Bí Ó Ṣe Ń Lọ àti Èrè Rẹ̀

Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀ tó yẹ kó bani lẹ́rù. Obìnrin náà á jókòó pẹ̀lú olùtọ́jú, bíi wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun tó bá sọ kò gbọdọ̀ jáde, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Wọn á to àwọn ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, wọn á mú ẹyọ kan, wọn á wo ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin tí a lè gbà yọ ọ́, yóò sì mú ìgbésẹ̀ kékeré kan lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọn á bi í pé, "Báwo ló ṣe lọ?" Ẹlòmíràn kò nílò ju ìjókòó mẹ́fà lọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sì gba oṣù púpọ̀.

Èrè rẹ̀ hàn. Oorun á padà. Ìyá á lè wo ojú ọmọ rẹ̀, kí inú rẹ̀ sì dùn. Ẹni tó ń fi gbogbo ìbínú rẹ̀ na ọmọ á kọ́ bí a ṣe ń dá ìbínú mọ̀ kó tó gòkè. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á rí àyè ṣọ̀fọ̀ tán. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé ọkọ á rí ẹni tí kò ní kàn sọ fún un pé kó fara dà á. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé yóò mọ̀ pé àìsàn ni ohun tó ń ṣe òun, kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe orí tí kò dára.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nìkan ń wò o. Abisínwín kì í dúró de ọ̀la. Bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Àwọn Ohun Tó Ń Dí Wọn Lọ́nà

Ìbẹ̀rù orúkọ wèrè ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe wèrè, bí ẹni tó ní ọgbẹ́ kì í ṣe arọ. Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti ń yí padà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́.

Èkejì ni pé a ti kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ kì í jáde. Ẹ̀kọ́ náà dára nípa òfófó, ṣùgbọ́n kò ní kí ènìyàn kú sínú ilé. Ẹ̀kẹta ni owó àti ọ̀nà jíjìn. Kò yẹ kí a fi èyí ṣeré, nítorí olùtọ́jú kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, Aro wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn Yunifásítì sì wà ní Ìbàdàn.

Ohun Tí A Ń Béèrè Lọ́wọ́ Awo

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, ohun mẹ́ta péré ni. Èkíní, bí obìnrin bá wá, tí odù bá ti sọ tirẹ̀, ẹ bi í nípa oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti bóyá ó rẹ̀ ẹ́ láti wà láyé. Ìbéèrè yìí kì í pa ènìyàn. Ó máa ń tú u sílẹ̀ ni. Èkejì, ẹ má ṣe yára sọ pé àjẹ́ ni tàbí àbíkú nígbà tí ẹni náà ń sunkún níwájú yín. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa yan Ìyánífá díẹ̀ tí a ó rán lọ kọ́ iṣẹ́ gbígbọ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò fi aláìsàn ránṣẹ́ sí. Bí awo bá rán ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn, agbára rẹ̀ kò dín kù. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, olùtọ́jú-ọkàn náà sì jẹ́ awo ní ìdí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó wà níjòókòó yìí, tí ẹ ń gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ rú ẹbọ yín, ẹ bọ orí yín, kí ẹ sì wá ẹni tí ẹ ó sọ ọ́ fún. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikùn yín di àìsàn. Kí orí yín gbè yín. Kí ẹnu yín rí etí rere. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.